Bí Ẹ̀kọ́ Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Di Ẹ̀kọ́ Àpọ́nlé ní Yunifásítì

Ẹni tí ó bá rí bí àwọn yunifásítì ayé òde òní ti ń fi oyè ńláńlá dá àwọn tí ó bá ka ewì, ìtàn àròsọ àti eré onítàn èdè Gẹ̀ẹ́sì já lọ́lá, tí ó sì rí bí àwọn òbí ní ilẹ̀ wa ti ń yangàn pé ọmọ àwọn gba oyè nínú ẹ̀kọ́ náà, yóò rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń bu irú ọlá bẹ́ẹ̀ fún èdè abínibí wọn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Yunifásítì Oxford ti kọ́ni fún ohun tí ó lé ní 700 ọdún kí ó tó gbà, ní ọdún 1894, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè torí èdè àti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan gba oyè. Cambridge, tí òun náà jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀, kò sì dá ìdánwò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ títí ó fi di ọdún 1917, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ń gbóná lọ́wọ́. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún: èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilé rẹ̀ kò kà sí ni ó padà wá gba àga láàárín wọn. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ ìtàn yìí láti orísun rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀ fún àwa tí àwọn baba wa fi èdè dídùn sílẹ̀ fún: a kì í bí iyì mọ́ èdè kankan, láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, tí wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, tí wọ́n sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ni iyì rẹ̀ ti ń wá.

Kì í ṣe pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun tí a lè fi kọ́ni. Kí ogun àwọn Nọ́máńdì tó kó wọn ní ọdún 1066, àwọn akéwì wọn ti ń kéwì nípa ìjà, nípa ìgbèkùn, nípa òkun àti nípa ikú akọni, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò lè gbọ́ àfi bí a bá kọ́ ọ. Àwọn ẹni ìyàsọ́tọ̀ inú ìjọ Ọlọ́run ni wọ́n fi ọwọ́ kọ díẹ̀ nínú àwọn ewì náà sílẹ̀ lórí awọ ẹran. Leofric, bíṣọ́ọ̀bù Exeter, ẹni tí ó kú ní 1072, fi ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ta kátídírà rẹ̀ lọ́rẹ, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n Beowulf, ìtàn akọni tí ó pa àǹjọ̀nú tí ń jẹ àwọn ènìyàn ọba lóru, ewì tí ó lé ní 3,000 ìlà, ẹ̀dà àfọwọ́kọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó kù sáyé. Ní ọdún 1731, iná sọ ní ilé tí a kó o pamọ́ sí ní Westminster, ó jó etí àwọn ojú ewé rẹ̀, díẹ̀ ni ó sì kù kí gbogbo rẹ̀ di eérú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ewì náà jáde lódidi kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì: Thorkelin, ọmọ Iceland tí ó ń wá ìtàn ìgbà àtijọ́ àwọn ará Dẹ́nmáàkì kiri, ni ó mú un jáde ní ìlú Copenhagen ní 1815. Ní ti Geoffrey Chaucer, ẹni tí ó kú ní 1400, òkìkí tirẹ̀ ti kàn láti ìgbà ayé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí William Caxton fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ fún ìgbádùn ni a ń kà á, kò sí yunifásítì tí ó rò ó wò pé kí a fi ṣe ìdánwò.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Látìnì àti Gíríkì ni àwọn yunifásítì kà sí èdè ọgbọ́n, òun ni àlùfáà fi ń ka ìwé mímọ́, òun ni oníṣègùn àti amòfin fi ń kọ́ iṣẹ́ wọn. Èdè tí ọmọ sì ti mu mọ́ wàrà ìyá rẹ̀, kí ni a tún fẹ́ fi olùkọ́ ṣe sí i? Ohun tí kò bá lọ́ni lọ́rùn, wọn kò kà á sí ẹ̀kọ́. Nígbà tí Oxford dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ewì sílẹ̀ ní 1708, Látìnì ni àwọn tí ó wà ní ipò náà fi ń sọ àsọyé wọn, ó sì di ọdún 1857 kí Matthew Arnold tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi èdè tí ìyá rẹ̀ bí i sí sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àwọn tí kò sí láàárín àgbàlá ọlá ni wọ́n kọ́kọ́ fún ẹ̀kọ́ yìí ní ilé. Lẹ́yìn tí Skọ́tláńdì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì para pọ̀ di ìjọba kan ní 1707, àwọn ọ̀dọ́ Skọ́tláńdì tí ń wá ipò ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí i pé ahọ́n àwọn ń tú àwọn fó, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn bí a ti ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kí ó gún régé. Adam Smith, ọkùnrin kan náà tí ayé padà mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ajé, bẹ̀rẹ̀ sí sọ àsọyé fún wọn ní Edinburgh ní 1748 nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti ìwé kíkọ. Ní 1762, ọba fi Hugh Blair, àlùfáà, jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ẹ̀kọ́ náà ní yunifásítì ìlú kan náà, àwọn àsọyé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1783 sì di ìwé tí a ń kà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga títí dé Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà kejì gba ọ̀dọ̀ àwọn tí a tì síta nítorí ẹ̀sìn. Ní ìgbà náà, ọmọ Ìjọ Áńgílíkà nìkan ni ó lè gba oyè Oxford àti Cambridge; ọmọ ìjọ mìíràn, àti Júù, àti ẹni tí kò ní ìgbàgbọ́, ojúde ni wọ́n ń dúró sí, títí òfin ọdún 1871 fi ṣí ilẹ̀kùn fún wọn pátápátá. Irú àwọn ènìyàn báwọ̀nyí àti àwọn alátìlẹyìn wọn ni wọ́n kó owó jọ, tí wọ́n dá yunifásítì tuntun sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1828, tí a sì ń pè ní University College lónìí. Láti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ó ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n lórí èdè àti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Dale, àlùfáà tí ó gbà pé ojúṣe òun ni láti fi ìwé kọ́ àwọn ọmọ ní ọgbọ́n àti ìwà pọ̀. Àwọn ọmọ Ìjọ Áńgílíkà kò káwọ́ gbera: King's College tí àwọn náà dá sílẹ̀ láti bá a figagbága gba Dale sọ́dọ̀ ní 1835, ó sì fi F. D. Maurice sí ipò bẹ́ẹ̀ ní 1840. Maurice yìí kan náà ni ó ṣíwájú àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1854, níbi tí gbẹ́nàgbẹ́nà àti alágbẹ̀dẹ ti ń wá ka ìwé ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Nígbà tí ó di 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù là á sílẹ̀ pé ẹni tí kò tilẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ sí ọgbà òun lè ṣe ìdánwò òun, ní 1878 ó sì ṣí oyè rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ́ọ̀nù yìí, nítorí òun ni ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ má jẹ́ kí a fi òtítọ́ pamọ́, ọ̀nà kan wà tí ó korò, èyí ni ọ̀nà Íńdíà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣàkóso Íńdíà kò fẹ́ fi Bíbélì kọ́ni ní gbangba kí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àti àwọn Mùsùlùmí má bàa dìde sí i. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, pé nípa kíka àwọn akéwì ńlá, àwọn ọmọ Íńdíà yóò máa fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo ayé láìmọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1835 ni Thomas Macaulay kọ ìwé ìmọ̀ràn rẹ̀ tí ó sọ gbogbo ọgbọ́n tí àwọn ará Ìlà Oòrùn kọ sílẹ̀ di yẹpẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ nínú ìwé náà pé òun kò gbọ́ Sáńsíkírítì, òun kò sì gbọ́ Lárúbáwá. Gauri Viswanathan, obìnrin ọ̀mọ̀wé ọmọ Íńdíà, fi hàn nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1989 pé àwọn ọmọ Íńdíà ti ń fi lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí Oxford kò tíì rò ó rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn ẹ̀kọ́ yìí tí ó sọ pé ìfẹ́ ewì nìkan ni ó bí i, ìdajì ìtàn ni ó sọ. Ìfẹ́ ewì ni bàbá rẹ̀, ìfẹ́ ìjọba sì wà nínú àwọn tí ó tọ́ ọ dàgbà.

Bí a bá ti sọ ti ìkorò tán, ó yẹ kí a yin àwọn tí ìyìn yẹ. Ní ọdún 1864, Frederick Furnivall, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí a mẹ́nu bà lókè yìí, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa tẹ àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ń jẹrà ní àwọn ilé ìkówèésí. Owó kékeré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹgbẹ́ náà sì wà títí di òní. Walter Skeat, àlùfáà tí ó padà di olùkọ́ ìṣirò ní Cambridge, tú àwọn ẹ̀dà àfọwọ́kọ ewì Piers Plowman wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n wé ara wọn, ó sì fi ẹ̀rí hàn pé oríṣi mẹ́ta ni ewì náà. Lẹ́yìn náà ó ṣe iṣẹ́ Chaucer bákan náà, òun sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ lórí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní Cambridge ní 1878. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá tí àwọn ọ̀mọ̀wé pinnu láti ṣe láti 1857, apá kìn-ín-ní rẹ̀ kò jáde títí di 1884, ó sì di 1928 kí ó tó parí. James Murray, ọmọ aránṣọ ará Skọ́tláńdì tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 14, ni ó darí iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún títí ikú fi mú un, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí a kò san kọ́bọ̀ fún ni wọ́n sì ń ka ìwé fún un, tí wọ́n ń kọ àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí ègé bébà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí yunifásítì àgbà tó fi ẹ̀kọ́ yìí jẹ oyè, àwọn wọ̀nyí ti ṣe iṣẹ́ tí kò fi ní lè sọ pé kò sí ohun tí a ó kọ́.

Síbẹ̀ ìjà kò ṣàì ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Oxford fẹ́ yan ọ̀jọ̀gbọ́n fún ipò tuntun lórí èdè àti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1885, onímọ̀ èdè àtijọ́, Arthur Napier, ni wọ́n yàn, inú sì bí John Churton Collins gidigidi, ẹni tí ó ti ń sọ àsọyé nípa lítíréṣọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn obìnrin láti ìlú dé ìlú, tí ó sì mọ bí ebi ẹ̀kọ́ náà ti ń pa wọ́n tó. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú ìwé ìròyìn, ó kọ lẹ́tà sí àwọn ẹni ńlá, ó sì kọ odidi ìwé lé e lórí ní 1891. Edward Freeman, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn, ni olórí àwọn tí ó ta kò ó. Àwíjàre tirẹ̀ ni pé a kò lè fi adùn tí ń bẹ lẹ́nu ènìyàn ṣe ìdánwò, pé ìtàn bí èdè ti ń yí padà nìkan ni ohun tí a lè bi akẹ́kọ̀ọ́ kí ó sì dáhùn rẹ̀ bí ó ti tọ́. Àwíjàre yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, òun ni ó sì mú kí Oxford so ẹ̀kọ́ èdè àtijọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ pinpin nígbà tí ó gbà ní 1894, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ka Shelley níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá Beowulf jìjàkadì. Ó di ọdún 1904 kí Walter Raleigh tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ tí yóò dá dúró fún lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Oxford.

Cambridge tọ ọ̀nà tirẹ̀. Lábẹ́ ètò tí wọ́n ṣe ní 1917, nígbà tí Arthur Quiller-Couch jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n wọn, akẹ́kọ̀ọ́ kò sí lábẹ́ dandan mọ́ láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ewì fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. I. A. Richards wá ọ̀nà láti dá irú àwíjàre Freeman lóhùn: ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ewì láìsí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ àti láìsí ọdún tí a kọ ọ́, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀, ó kó ìdáhùn wọn jọ, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1929. Ìwé náà fi hàn bí ènìyàn tí ó kàwé ti lè ṣi ewì gbọ́ tó nígbà tí kò sí orúkọ ńlá tí yóò dì mú, ó sì fi hàn pé ìwé kíkà jẹ́ iṣẹ́ tí a lè kọ́ni. F. R. Leavis àti ìyàwó rẹ̀, Q. D. Leavis, gbé iṣẹ́ náà síwájú nínú ìwé àtìgbàdégbà Scrutiny, láti 1932 títí di 1953, wọ́n sì sọ lámèyítọ́ di ẹni tí ń ṣọ́ ọkàn àwùjọ. J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, sọ àsọyé kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1936 tí ó fi bẹ àwọn ọ̀mọ̀wé pé kí wọ́n yé tú Beowulf palẹ̀ nítorí àwókù ìtàn nìkan, kí wọ́n kà á gẹ́gẹ́ bí ewì. Báyìí ni ọ̀nà méjèèjì padà pàdé ara wọn.

Àwọn obìnrin kò sì gbẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tètè san ẹ̀san wọn. Edith Morley di ọ̀jọ̀gbọ́n lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Reading ní 1908, Caroline Spurgeon tẹ̀ lé e ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1913, ní àkókò tí Oxford kò tíì gbà láti fún obìnrin ní oyè, nítorí 1920 ni ó tó gbà, tí Cambridge kò sì gbà pátápátá títí di 1948.

Ọdún 1948 yìí kan náà ni ẹ̀kọ́ náà jókòó ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí a tó dé ibẹ̀, Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró, tí a dá sílẹ̀ ní 1827, tí Samuel Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, ti ń ṣe ìdánwò oyè Yunifásítì Durham láti 1876. Ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ Elliot tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní 1943 dábàá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tuntun, Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, ni a sì tẹ̀ ẹ́ dó sí, ní Ẹlẹ́yẹlé ní ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104. Oyè Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ń gbà, ìdánwò tí Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá sì fọwọ́ sí ni wọ́n ń ṣe, nítorí náà Shakespeare, Milton àti Wordsworth ni àwọn ọmọ wa ń kà lábẹ́ òrùn Ìbàdàn. Paul Christophersen, ọmọ Dẹ́nmáàkì, ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀; ní 1954 Molly Mahood dé láti Oxford, obìnrin tí ó mọ Shakespeare dé góńgó, ó sì darí ẹ̀ka náà títí di 1963.

Ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kò lè mọ irú èso tí yóò so. Chinua Achebe, ọmọ Ìgbò láti Ògìdì, wọ Ìbàdàn ní 1948 láti kọ́ ìṣègùn, ó sì yà kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìsìn. Láàárín ìwé tí a fún wọn kà ni ìtàn àròsọ Mister Johnson wà, èyí tí Joyce Cary, ọmọ Ireland tí ó ti ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà rí, kọ ní 1939; àwọn olùkọ́ rò pé àwọn ọmọ yóò gbádùn ìwé tí ó sọ nípa ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kọ̀ ọ́, nítorí wọn kò rí ara wọn nínú akọ̀wé aṣiwèrè tí ó wà níbẹ̀. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀n-ún: ní 1958 Achebe gbé Things Fall Apart jáde, ilẹ̀ Ìgbò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, kàwé ní Ìbàdàn láti 1952 títí di 1954, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Leeds, níbi tí Wilson Knight, ògbóǹtagí nínú eré Shakespeare, ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. J. P. Clark, ọmọ ẹ̀yà Ijaw láti ilẹ̀ olómi, tí ó gba oyè nínú Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ewì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní The Horn nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, Martin Banham, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́, sì tì í lẹ́yìn. Ní 1961, wọ́n pàgọ́ ẹgbẹ́ Mbari sí àárín ìgboro Ìbàdàn, níbi tí òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti òṣèré ti ń bára wọn jiyàn. Ní 1962, Ìbàdàn bọ́ lábẹ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó di yunifásítì tí ó lè fi oyè ara rẹ̀ dánilọ́lá, ó sì lè yan ìwé tí yóò fi kọ́ni.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè tuntun ti dìde: ìwé tí ọmọ Áfíríkà bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ti ta ni í ṣe? Àwọn òǹkọ̀wé kó ara jọ ní Makerere ní ilẹ̀ Ùgáńdà ní 1962 láti rò ó; ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Obi Wali kọ ọ́ kedere pé bí a kò bá fi èdè Áfíríkà kọ lítíréṣọ̀ Áfíríkà, ojú ọ̀nà yóò dí. Ní Leeds, wọ́n pe àpérò ní 1964 lórí lítíréṣọ̀ àwọn ilẹ̀ tí ó ti wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dá ìwé àtìgbàdégbà sílẹ̀ fún un ní 1965. Ọ̀rọ̀ tí ó le jù wá láti Nairobi: ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1968, Ngũgĩ wa Thiong'o, Henry Owuor-Anyumba àti Taban lo Liyong kọ̀wé pé kí a pa Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ́, kí a fi ẹ̀ka lítíréṣọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí lítíréṣọ̀ Áfíríkà wà láàárín, kí ti àwọn ilẹ̀ yòókù yí i ká, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ alohùn ilẹ̀ wọn. Wọ́n jagun náà, wọ́n sì ṣẹ́gun ní Nairobi. Ṣùgbọ́n ní 1973, nígbà tí Ṣóyínká lọ sí Cambridge láti sọ àsọyé nípa lítíréṣọ̀ àti ìtàn òrìṣà ilẹ̀ Áfíríkà, Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ kò gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ̀ka tí ń kọ́ nípa àṣà àti ìgbé ayé àwọn ẹ̀yà ènìyàn ni ó gbà á lálejò. Ó di ọdún 13 lẹ́yìn náà, ayé fi Ẹ̀bùn Nobel dá ọkùnrin kan náà lọ́lá. Lẹ́yìn tí ọ̀mọ̀wé Edward Said gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1978 nípa bí àwọn òyìnbó ti ń wo Ìlà Oòrùn, ẹ̀kọ́ nípa ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn di ohun tí kò sí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ńlá tí kò ní i. Abdulrazak Gurnah, ọmọ Zanzibar tí ó ti kọ́ni rí ní Yunifásítì Bayero ní Kano, ni ó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà ní Kent, ibi tí Mahood pàápàá ti kọ́ni lẹ́yìn tí ó kúrò ní Áfíríkà, Gurnah náà sì gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ ni ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ṣe fún èdè tiwa. Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù, lọ sí Cambridge, kò sì padà wálé láti máa fi ewì àwọn òyìnbó nìkan yangàn. Ó lọ bá àwọn ọdẹ nínú oko àti nínú abúlé, ó gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu wọn, ó tú u wò bí a ti ń tú ewì wò, ilé ìtẹ̀wé Oxford sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1966. Ṣóyínká tí ó ka Shakespeare ní Leeds ni ó túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938, tí ó sì gbé e jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn rí, ẹni tí ó bá sì ka ewì rẹ̀ yóò gbọ́ ìlù àti orin Èkìtì lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ta èdè kan nù nítorí èkejì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, wọ́n sì kọ́ ọgbọ́n náà, wọ́n mú un wálé.

Bí mo bá wá wo gbogbo ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun kan ni mo rí tí ó fìdí múlẹ̀: iṣẹ́ ni ó ṣáájú oyè. Àwọn tí ń sọ fún àwọn ọmọ wa lónìí pé kí ni a ń kọ́ nínú Yorùbá, pé ṣebí ilé ni a ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ rò nípa Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tún sọ, ìtàn sì ti dá wọn lẹ́bi. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ̀sà egúngún, rárà, ekún ìyàwó àti ẹsẹ Ifá pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí ọjọ́ wọn ti ń lọ; orí ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni iná ti fẹ́ jó ewì tiwọn, orí ènìyàn ni tiwa wà, ẹ̀mí ènìyàn sì kúrú ju ìwé lọ. Kí olùkọ́ abúlé gba ti ìlú tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí ó ní owó tẹ̀ ẹ́, kí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ẹ̀dà kan wé èkejì kí wọ́n sì kọ àlàyé sí i, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa tú u wò bí wọ́n ti ń tú Milton wò. Nígbà tí Furnivall àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn, ó ku 30 ọdún kí Oxford tó dá oyè rẹ̀ sílẹ̀, wọn kò sì dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa náà kò ní ìdí kankan láti dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.